Àkísà Pupa Lẹ́nu Ìsun

Ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń rántí abúlé wa jù, nítorí pé ìgbà ọyẹ́ ni mo padà síbẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Mò ń dúró kí ìjọ sọ ibi tí wọ́n máa rán mi lọ. Ẹni tó bá ti dúró de irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe ìsinmi. Bí mo bá jókòó, ọkàn mi á dìde. Bí mo bá dìde, á jókòó. Mo máa ń bẹ̀rù pé wọ́n ti gbàgbé mi, lẹ́yìn náà mo máa ń bẹ̀rù pé wọn ò gbàgbé. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ojú tí mo fi wo ohun tí mo fẹ́ ròyìn, nítorí pé ẹni tí àyà rẹ̀ ń já máa ń rí nǹkan bí ẹni tó ń lá àlá.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo padà sí. Àwọn òbí wa ti kú kí n tó gbọ́n, òun ló sì tọ́ mi. Nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, ó mú mi dání mọ́ ẹrù rẹ̀, wọn kò sì lé mi. Nítorí náà, bí mo bá ní "abúlé wa", abúlé ọkọ rẹ̀ ni mò ń sọ. Kò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ́dá. Láàárọ̀ ọyẹ́, èèyàn kì í rí ilé kejì láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ohùn ló máa ń kọ́kọ́ dé: ìró ìgbálẹ̀, ikọ́ arúgbó, ewúrẹ́ tó já okùn, àti nígbà mìíràn, bí afẹ́fẹ́ bá gbé e wá, igbe ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀nà jíjìn, bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹni tí kò ní dáhùn.

Ìsun wa wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn abúlé, lábẹ́ àpáta kan tó dà bí erin tó dùbúlẹ̀. Omi náà kì í pariwo. Ṣe ló máa ń yọ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ń tọrọ àyè. Nígbà ọyẹ́, nǹkan bí èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á máa gòkè lójú rẹ̀. Ìyàwó tó bá wọ abúlé gbẹ̀yìn ló máa ń gbá ọ̀nà ìsun láràárọ̀, títí ìyàwó mìíràn á fi dé tí á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìgbálẹ̀ náà, ó sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá lá àlá nílé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà yẹn ni mo máa ń rí: ó mọ́, ó tutù lẹ́sẹ̀, ipa ìgbálẹ̀ wà lójú rẹ̀ bí ipa ìyarun lórí irun tútù.

Lọ́jọ́ tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi bu omi fún mi nínú igbá. Oyún inú rẹ̀ ti tóbi. Ó ti bímọ rí, ó ti sin ọmọ rí, kò sì sí èyí tó kù fún un. Mo wo ikùn náà, ayọ̀ mú mi, ẹ̀rù sì tẹ̀ lé ayọ̀ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ewúrẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ẹni tó gbé èèpo iṣu. Mo gbé omi sẹ́nu. Ilẹ̀ ni mo tọ́ wò. Mo wo inú igbá, omi náà pọ́n bí osùn.

Mo bi í léèrè ibi tó ti pọn ọ́n. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n ti pa ààlè sí ìsun," ó ní.

"Ta ló pa á?"

"A ò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù."

Bóyá àwọn ọmọ tó ń dàgbà báyìí kò ní mọ bí ààlè ṣe lágbára tó. Ẹni tó bá ní iṣu tàbí igi obì lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò sì lè máa ṣọ́ ọ, á gún igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀, á so àkísà pupa mọ́ ọn, tàbí ìkarahun ìgbín, tàbí ṣùkù àgbàdo. Kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹni tó ń kọjá á rí i, á sì mọ̀ pé bí òun bá mú ohun tí kì í ṣe tòun, òun á dà bí àkísà yẹn, òun á ṣófo bí ìkarahun yẹn. Ẹni tó pa á nìkan ló lè tú u. Bó bá sì tú u, òun ni yóò kọ́kọ́ fẹnu kan ohun tó wà níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè rí i pé ewu ti kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ wò ó. Ó bá mi dé ibi tí ọ̀nà ìsun ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró. Wọn kò gbá ọ̀nà náà mọ́. Ewé gbígbẹ ti bò ó, ó ń dún lẹ́sẹ̀ mi bí ẹni pé mò ń rìn lórí ìwé. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kùrukùru, mo sì rí wọn. Èèkàn funfun ni wọ́n, tí wọ́n fá lára, tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu, àkísà pupa sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀kan lẹ́nu ìsun gan-an, òmíràn ń bẹ lódìkejì, wọ́n sì tò lọ tààrà títí kùrukùru fi gbé wọn mì. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé àwọn àkísà náà ń mí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti rí irú èèkàn bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ló máa ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ láti fi mọ ibi tí ọ̀nà tuntun máa gbà. Ìgbà ìkórè ni wọ́n kọjá ní abúlé wa, nígbà tí gbogbo ilé wà lóko, àwọn èèyàn dé, wọ́n bá èèkàn níbẹ̀, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni tí wọ́n lè bi. Ara mi fúyẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ mi fún ti dé, pé n óò sọ òtítọ́ kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á sì parí.

Níwájú ilé Baálẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì sọ ọ́ pẹ́, nítorí pé bí ẹ̀rù bá ń bà mí, ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn. Baálẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá àgbà, ló dá mi lóhùn. Àwọn ni wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ìyàwó ilé má ṣe dé ìsun mọ́. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń já ewé lára igi kan, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan.

"Ìwọ tó kàwé, wá kọ́ mi," ni wọ́n ní. "Igi tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu, tí wọ́n so àkísà pupa mọ́, tí wọ́n gún mọ́ ẹnu omi. Kí ni wọ́n gún un síbẹ̀ fún?"

"Kí wọ́n lè mọ ibi tí ọ̀nà máa gbà, ìyá."

"Bí mo bá fà á yọ ńkọ́?"

Mo ní ìjọba ò gbà á. Mo ní ẹni tó bá fà á yọ lè dé ilé ẹjọ́, ó sì lè dé ẹ̀wọ̀n.

"Ó ní olówó, kò ṣeé fọwọ́ kàn, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án, ibi á bá a." Wọ́n ju igi ọwọ́ wọn nù. "Ìwọ náà ti pè é ní ààlè, ọmọ mi. Ó kàn jẹ́ pé o fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ yí i ká."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ẹ̀rín wọn. Ó jẹ́ nítorí pé mo ti dúró lẹ́nu ìsun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi ti fẹ́ dé orí èèkàn náà, mo sì ti fà á padà. Wọ́n ń bẹ̀rù ẹni tó pa ààlè, èmi ń bẹ̀rù adájọ́. Igi kan náà ló ń lé gbogbo wa kúrò nídìí omi wa.

Omi tí wọ́n wá ń mu, ọ̀nà tuntun náà ló bí i. Kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ti la ọ̀nà láti Ìbàdàn dé ẹ̀bá abúlé wa. Wọ́n gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n fi gbé ojú ọ̀nà ga, wọ́n sì fi àwọn kòtò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òjò rọ̀ sí wọn. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti di adágún kéékèèké tó tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà. Kí n má purọ́, wọ́n lẹ́wà. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ọyẹ́ tó dà bí ẹyin adìyẹ máa ń wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ẹni pé ìjọba ti gbin oòrùn púpọ̀ fún wa. Lámilámi ń fò lójú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà ti wẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń da màlúù lọ sí Ìbàdàn ń dúró fún màlúù wọn kí wọ́n mu ún, àwọn ọmọdé sì ń yàgbẹ́ sí etí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ti ìkòkò rẹ̀ bọ̀.

Wọ́n ti kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ pé kí a máa se irú omi bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìkòkò kaná, mo sì ń se omi fún ẹ̀gbọ́n mi láràárọ̀. Àwọn ìyàwó ilé rí mi nídìí ààrò, ọkùnrin tó fi oko sílẹ̀ ọdún púpọ̀ nítorí ìwé, wọ́n sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀kan á kọjá, á ní, "Àna wa, ṣé omi ti jinná? Ẹ bu iyọ̀ sí i o." Òmíràn á ní kí n fi òkèlè kan tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbọ́n mi ń mu ún nítorí mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń se omi tó fi ń fọ igbá? Ta ló ń se èyí tó bù mu lóko, nígbà tí òùngbẹ gbẹ ẹ́?

Ìgbẹ́ ọ̀rìn wọ abúlé wa wẹ́rẹ́, bí ìsun yẹn ṣe ń yọ. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ó mú Ìyá àgbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, n kò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ níwájú ilé wa. Mo wọlé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹní, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ bí ẹni tó di ilẹ̀kùn mú.

"Kò tíì tó àsìkò," ó ní. "Má wò mí báyẹn. Ojú rẹ ń dẹ́rù ba ọmọ."

Mo jáde. Mi ò lè sọ bí ara mi ṣe rí láìsọ àsọdùn, ṣùgbọ́n n óò gbìyànjú. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ohun tí mo kọ́ jẹ́ ẹrù tí mo gbé wálé láti ọ̀nà jíjìn, tí mo sì wá tú, tí mo rí i pé òfìfo ni. Mo lọ bá Baálẹ̀, mo ní n óò lọ wá ẹni tó pa ààlè náà. Baálẹ̀ wò mí pẹ́. Wọ́n ní bí mo bá rí i, kí n má bá a jà, kí n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá lè pa ààlè sí omi tí gbogbo ayé ń mu, kì í ṣe ẹni tí à ń bá jà.

Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ sọ fún mi pé òyìnbó awọnlẹ̀ ti kó àgọ́ rẹ̀ lọ sí ìhà Olódò, pé ó ń wọn ọ̀nà mìíràn tó máa lọ bá ojú irin. Mo gba ọ̀nà oko lọ. Kùrukùru pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn tí mò ń pàdé fi dà bí ẹni tí wọ́n ń yà sára ògiri: ẹrù lórí kọ́kọ́, lẹ́yìn náà orí, lẹ́yìn náà ìkíni, wọ́n á sì pòórá. Mò ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo fẹ́ sọ fún òyìnbó náà lẹ́nu. Bí mo bá kà á tán, n óò rí i pé kò tó, n óò tún bẹ̀rẹ̀.

Àgọ́ náà wà lábẹ́ igi, ó funfun bí olú tó hù mọ́jú. Ọkùnrin kan jókòó síta, ó ń nu ṣéènì gígùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀; òun ló máa ń fà á fún òyìnbó. Yorùbá ni, ará ìsàlẹ̀ lápá òkun. Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Mo kí i, mo sì ro ẹjọ́ mi fún un. Mò ń retí pé yóò rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣéènì sílẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "o sọ fún wọn pé kì í ṣe ààlè?"

"Mo sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n."

"O ò bá má sọ ọ́. Àkísà funfun la kọ́kọ́ ń so. Gbogbo abúlé tí a ti kọjá, wọ́n ń fa èèkàn wa yọ, wọ́n ń fi dáná. Òyìnbó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Èmi ni mo sọ fún un pé ká so pupa. Látìgbà náà, ọ̀kan ò sọnù." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kò mọ ìdí rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n."

Àwọn ará abúlé wa kò ṣìnà. Wọ́n ti ka igi náà bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ ṣe fẹ́ kí wọ́n kà á. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ẹnu ìsun ló gún ọ̀kan sí. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí òyìnbó bá na ọwọ́ sí ni òun ń gún un. Ó ní òyìnbó kò sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀. Orí òkè ló dúró sí, tó ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ wo ilẹ̀ nínú gíláàsì, nínú gíláàsì náà igbó nìkan ló wà.

Ó mú mi wọlé lọ bá òyìnbó náà. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo kà lójú ọ̀nà fò lọ bí ẹyẹ. Mo sọ èyí tó kù. Òyìnbó náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ibà ti bá òun náà jà. Ó ní ọ̀nà gbọ́dọ̀ lọ tààrà, pé bí wọ́n bá dé ibi omi náà wọ́n á fi òkúta dí i. Ó ní àwọn obìnrin kò ní jìyà, ṣebí omi wà nínú kòtò lẹ́bàá ọ̀nà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fúnni ní ẹ̀bùn.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún kéré. Mo ti rò pé kí ààlè kúrò ni, kí ẹ̀gbọ́n mi rí omi mu kó tó bímọ. Èmi kò mọ̀ pé wọ́n máa sin omi náà. Mo ní omi kòtò yẹn ló dá wọn dùbúlẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi lóyún. Mo tún un sọ, nítorí n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó ń fa ṣéènì wá bá òyìnbó náà sọ̀rọ̀ ní ohùn kékeré, mo gbọ́ ọ: ó ní omi kòtò kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń mu, èyí tó dùbúlẹ̀ nínú wọn sì ti pọ̀ ju èyí tó dúró lọ. Ó tún ní ìsun náà kì í gbẹ, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bóyá ọ̀nà tí wọ́n bá là sórí rẹ̀ kò ní dúró. Òyìnbó náà gbé orí sókè nígbà tó gbọ́ ti ọ̀nà tí kò ní dúró. Ó ní kí n sùn síbẹ̀, pé a jọ máa lọ láàárọ̀.

Bí a ṣe wọ abúlé lọ́jọ́ kejì, ó dákẹ́ jù. Yẹ̀pẹ̀ tútù wà lẹ́yìn ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá àgbà ti kú, wọ́n sì ti sin wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lórí ẹní. Ó ní nígbà tó kù díẹ̀, Ìyá àgbà béèrè omi ìsun. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti dìde láti lọ bù ú, ààlè ì báà pa á, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní àwọn kò ní kó lọ. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbá ọ̀nà náà sún mọ́ àwọn, kó sọ bí omi náà ṣe rí lẹ́nu.

"Mo sọ ọ́ fún wọn," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mo ní ó tutù, ó ń ta sánsán òkúta, ó dà bí ẹni pé èèyàn ò tíì mu nǹkan kan rí. Mò ń sọ ọ́ títí. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n sùn."

Mo fẹ́ sọkún, mo sì fẹ́ bínú sí Ìyá àgbà, nítorí àwọn ni wọ́n ti ọ̀nà náà pa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wá ìbínú náà, n kò rí i. Wọ́n ti pa òfin mọ́ fún gbogbo wa, wọ́n sì pa á mọ́ fún ara wọn títí dé òpin. Títí di òní, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pe ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn. Ó sún mọ́ ìfẹ́.

Òyìnbó náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsun. Gbogbo abúlé dúró lókè, ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ a rí i nínú kùrukùru, ó ń rìn yí àpáta náà ká, bàtà rẹ̀ ń rì. Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níbì kan, omi jáde. Ó gún ibòmíràn, omi jáde. Ó dúró pẹ́, ó ń wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gòkè wá, ó sì sọ fún ẹni tó ń fa ṣéènì pé ọ̀nà náà á yà, pé á gba ẹ̀yìn àpáta. N kò lè sọ fún yín bóyá ẹ̀gbọ́n mi ló rò tàbí ojú ọ̀nà rẹ̀. Mo ti rò ó títí. Bóyá èèyàn lè ro méjèèjì.

Ẹni tó ń fa ṣéènì sọ̀ kalẹ̀ láti fa èèkàn yọ. Baálẹ̀ ní kó dúró. Wọ́n bi í bóyá òun ló pa á.

"Èmi ni mo pa á, baba," ó ní. "Èmi ni mo wá tú u."

Ó fa gbogbo wọn yọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tú àkísà kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé èyí tó wà lẹ́nu ìsun, ó kúnlẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ Yorùbá ni. Ó mọ ohun tí òun ti fi ṣeré. Wọ́n na igbá sí i. Ó bu omi, ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i, ó sì mu ún tán. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan kàn sọ lẹ́yìn mi pé, "Ó mu ún," bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Èmi àti ọkọ rẹ̀ la di ẹ̀gbọ́n mi mú sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ ká bu omi lọ bá a nílé, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá òun purọ́ fún Ìyá àgbà. Ó jókòó lórí òkúta, ó mu, ó sinmi, ó tún mu. Ó ní òun kò purọ́.

Ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àìsàn náà fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe fi abúlé sílẹ̀, àwọn ọmọ kan kò sì dìde mọ́. Ṣùgbọ́n oyún náà dúró. Ọyẹ́ ti lọ, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tó bímọ, obìnrin ni. Mi ò nílò láti sọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ mọ orúkọ tí à ń sọ ọmọbìnrin tó bá dé lẹ́yìn tí ìyá àgbà lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìjọ rántí mi. Wọ́n rán mi lọ sí abúlé kan tó wà níwájú, lójú ọ̀nà kan náà. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó lọ bá awọnlẹ̀. Ọ̀nà náà lọ tààrà lórí omi wọn, kànga tí wọ́n gbẹ́ fún wọn sì jìn. Kòtò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀fọn ń jáde níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ mi sì ń gbọ̀n nínú ibà lórí ẹní ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn. Mo bẹ baálẹ̀ ibẹ̀, a sì ti dí díẹ̀ nínú àwọn kòtò náà. Àwọn tó kù pọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń jí láàárọ̀, n óò máa rò ó pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni, pé ohun tó jẹ́ kó yà níbì kan tí kò sì yà níbòmíràn kò ju pé ẹnì kan wà nílé, tí àyà rẹ̀ ń já.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ní abúlé wa, àárín igi obì Baálẹ̀ ló gbà kọjá, wọ́n sì gé wọn lulẹ̀. Baálẹ̀ kò tíì gbàgbé, wọ́n sì máa ń rán mi létí. Àwọn awakọ̀ kò fẹ́ràn ibẹ̀. Mọ́tò kì í pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá dé á fọn fèrè, á rọra yí, awakọ̀ á sì máa ráhùn pé kí ló dé tí ọ̀nà tó tọ́ ṣe ń wọ́ níbí.

Nígbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, mo jókòó níwájú ilé ní òwúrọ̀, mò ń wo ojú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ti ìsun bọ̀, ìkòkò wà lórí rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọ́tò kan dé. Ìyá àtọmọ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Eruku pupa bo gbogbo wọn tí n kò fi rí wọn mọ́, ọkàn mi sì fò sókè bó ṣe máa ń fò. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ìkòkò kalẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó sì da gbogbo omi náà nù sídìí koríko. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n yí padà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn òmíràn. Kò jìnnà.